Gbàǹjo Ojú-Ẹsẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà: Bí Ó Ti Ń Ṣiṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Lè Fi Ṣàlàyé Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí a ti ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ó lè gba èrò púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọjà tí wọ́n wá rà kò tó nǹkan, tí àkókò títà rẹ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí a bá ti ń ṣàlàyé ni a ó máa yan ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó yẹ fún èrò kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ̀ náà, a ó sì máa sọ ìdí tí a fi yàn án. A kò ní to ọ̀rọ̀ jọ kí á kàn kọ ìtumọ̀ sí iwájú wọn. Irú àtòjọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá kó o lọ sí kíláàsì láìmọ bí ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún ti ń ṣiṣẹ́ yóò rí i pé kò ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì ṣe ti kíláàsì nìkan. Ní báyìí tí a ń túmọ̀ ohun tí ń hàn lójú fóònù sí èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ògbufọ̀ bá ṣì yàn lè mú kí ẹni tí ó ti sanwó ọjà tún san án lẹ́ẹ̀kejì. A ó dé orí èyí níwájú.

2. Orúkọ ọjà náà

Orúkọ tí àwọn èdè mìíràn fún irú ọjà yìí yẹ ní wíwò kí á tó sọ tiwa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fi kíkọ mànà wé e: ó kọ yẹ̀rì, ó sì ti lọ. Àwọn ará Ṣáínà ní tiwọn ń pè é ní miaosha, èyí tí ó túmọ̀ sí pípa nǹkan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń lò ó fún bíbo ọ̀tá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó tó di ọ̀rọ̀ ọlọ́jà.

Bí a bá ní kí á tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì, a ó ní “ọjà mànàmáná”. Ẹni tí kò bá mọ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé iná mọ̀nàmọ́ná ni a ń tà. Bí a bá tẹ̀ lé Ṣáínà, a ó dé ibi tí a kò fẹ́ dé. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó ti na ọjà Yorùbá rí ni ó mọ gbàǹjo: olówó ń kígbe, ọjà pọ́ọ́kú ni, èrò ń wọ́ tìrítìrí, ẹni tí ó bá sì fi falẹ̀ kò ní bá a. Ohun tí ó kù ni pé gbàǹjo lè gba ọjọ́ gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni èyí kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nítorí náà a fi “ojú-ẹsẹ̀” kún un, a sì ń pè é ní gbàǹjo ojú-ẹsẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé gbàǹjo tí wọ́n mọ̀ ni èyí tí a ti ń fi owó lé owó. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà ní ìlò yẹn, ṣùgbọ́n ìlò ti ọjà pọ́ọ́kú náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ “ojú-ẹsẹ̀” sì ti ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀.

3. Ọjọ́ Àpọ́n

Àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù lọ tí a lè fi kọ́ ẹ̀kọ́ ní ti Ṣáínà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ń pè ní Ọjọ́ Àpọ́n, nítorí pé bí a bá kọ ọjọ́ náà ní 11/11, ṣe ni ó dà bí igi mẹ́rin tí ó dúró gbọọrọ láìní ẹ̀ka. Igi tí kò ní ẹ̀ka ni wọ́n sì ń fi pe àpọ́n ní èdè wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Nanjing ni àṣà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ní 2009 ni ilé-iṣẹ́ Alibaba, tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Hangzhou ní 1999, sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ọjà 27 ni ó kópa lọ́dún náà.

Ní ọdún 2009 yẹn, iye ọjà tí àwọn ènìyàn fọwọ́ sí láti rà nígbà tí èrò pọ̀ jù lọ kò ju 400 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé ó di 544,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 2020, wọ́n kéde 583,000. Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọjá lórí nọ́ńbà yìí bí ẹni tí ń ka ìtàn. Bí a bá ní kí olùtajà kan máa dá oníbàárà kan lóhùn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, láìsùn, láìjẹun, yóò gbà á ju ọdún kan lọ kí ó tó dá 583,000 ènìyàn lóhùn.

Ó tọ́ kí á fi kún un pé kì í ṣe ọjà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń rà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjà ọjọ́ náà, a máa ń rí díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lé. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń fa ìṣòro tí iye kọ̀ǹpútà nìkan kò lè yanjú, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i.

4. Kí ni a ń pè ní ìyára?

Nígbà tí a bá sọ pé ètò kọ̀ǹpútà kan “yára”, ohun méjì ni a lè ní lọ́kàn, ó sì yẹ kí á yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni iye àkókò tí oníbàárà kan fi ń dúró kí ìdáhùn tó dé. Èyí ni a ó máa pè ní àkókò ìpẹ́. Èkejì ni iye oníbàárà tí ètò náà lè dá lóhùn tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí ni a pè ní iye àṣeyanjú. Ọkọ̀ akérò ńlá lè lọ́ra ju alùpùpù lọ, kí ó sì kó èrò lọ sí ìlú kejì ju alùpùpù lọ. Ọkọ̀ náà ní iye àṣeyanjú tí ó pọ̀, alùpùpù sì ní àkókò ìpẹ́ tí ó kéré.

Ìbátan kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ìmọ̀ yìí mọ̀ sórí. Ẹni tí ó fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, John Little, ní 1961. Ó ní iye àwọn tí ó wà nínú ilé nígbà kan jẹ́ iye àwọn tí ń wọlé láàárín àkókò kan ní ìlọ́po iye àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé olóúnjẹ wò. Bí ènìyàn méjì bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù sì ń lo 20 ìṣẹ́jú kí ó tó jáde, ènìyàn 40 ni yóò wà nínú ilé. Bí àga bá jẹ́ 40, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń bu oúnjẹ bá lọ́ra díẹ̀, tí olúkúlùkù wá ń lo 30 ìṣẹ́jú, ènìyàn 60 ni yóò wà níbẹ̀, 20 yóò sì wà lórí ìdúró. Ẹ ṣàkíyèsí pé èrò kò pọ̀ sí i rárá. Ìlọ́ra olóúnjẹ nìkan ni ó dá kún ilé.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún kọ̀ǹpútà apèsè, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìbéèrè tí ó sì ń pèsè ìdáhùn. Bí ìbéèrè 5,000 bá ń dé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ìbéèrè 500 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ibi ìpamọ́ dátà bá lọ́ra tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wá ń gba ìṣẹ́jú àáyá méjì, 10,000 ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a kò ṣe fún iye yìí yóò dákú. Oníbàárà tí kò bá rí ìdáhùn yóò tún tẹ bọ́tìnnì, ìbéèrè yóò sì di ìlọ́po méjì ní àkókò tí kọ̀ǹpútà kò lè gba ẹyọ kan sí i. Ìdí nìyí tí ìṣubú irú ètò bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ òjijì.

Ìmọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọ Dẹ́ńmáàkì kan, Agner Krarup Erlang, tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìlú Copenhagen, ti kọ nípa rẹ̀ ní 1909, nígbà tí ó ń wá iye wáyà tí yóò tó fún àwọn tí ń pe ara wọn. Ó wú wa lórí pé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àtijọ́ yìí náà ni a tún ń lò lónìí fún oníbàárà tí ń du bàtà orí íntánẹ́ẹ̀tì.

5. Àtẹ àti àká

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí a ń gbà fúyẹ́ ẹrù kọ̀ǹpútà apèsè kò ṣe àjèjì sí ìyálọ́jà kankan. Ìyálọ́jà kì í kó gbogbo ọjà rẹ̀ síta. Ó ń pàtẹ díẹ̀, ó sì ń tọ́jú ìyókù sínú àká tàbí ìsọ̀. Ẹni tí ó bá kàn fẹ́ wo ọjà tàbí béèrè iye rẹ̀, ara àtẹ ni yóò ti rí i. Ẹni tí ó bá ti ná an tí ó fẹ́ rà nìkan ni a ń torí rẹ̀ ṣí àká.

Nínú gbàǹjo ojú-ẹsẹ̀, àwọn tí ń wò pọ̀ púpọ̀púpọ̀ ju àwọn tí yóò rà lọ. Àwòrán ọjà, orúkọ rẹ̀, àlàyé rẹ̀ àti iye rẹ̀ kì í yí padà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ìdí tí ìbéèrè nípa wọn yóò fi máa dé àká. A máa ń ṣe ẹ̀dà wọn sí orí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó súnmọ́ oníbàárà, ní ìlú púpọ̀, kí ó tó di pé ọjà ṣí. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ni a pè ní àtẹ, ibi ìpamọ́ dátà gan-an sì ni a pè ní àká dátà. Àwọn ògbufọ̀ kan ti ń lo “ìpamọ́” fún méjèèjì. Àwa kò fara mọ́ ọn, nítorí pé ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà: ohun tí ó wà lórí àtẹ lè ti gbó díẹ̀, ohun tí ó wà nínú àká kò gbọdọ̀ gbó.

Ibẹ̀ náà ni ewu àtẹ wà. Bí a bá pàtẹ iye ọjà tí ó kù, tí ó wí pé mẹ́ta ni, ó ṣeé ṣe kí ó ti tán nínú àká. Oníbàárà yóò rò pé wọ́n tan òun jẹ. Nítorí èyí ni àwọn ètò tí ó gbọ́n fi máa ń kọ “ó kù díẹ̀” dípò nọ́ńbà.

6. Àkàpọ̀ àti àtàjù

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ọjà kan ṣoṣo ni ó kù nínú àká. Akọ̀wé méjì ń tà á fún oníbàárà méjì, ìwé kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì sì ń wò. Akọ̀wé kìíní wo ìwé, ó rí “1”. Kí ó tó mú kálàmù, akọ̀wé kejì náà wo ìwé, ó rí “1”. Ẹni àkọ́kọ́ tà á, ó kọ “0”. Ẹnì kejì náà tà á, ó kọ “0”. Ìwé kò fi àṣìṣe kankan hàn. Kò sí ẹni tí ó purọ́, kò sí ẹni tí ó jalè, síbẹ̀ ènìyàn méjì ti sanwó ọjà kan.

Gẹ̀ẹ́sì fi eré ìje wé ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Àfiwé náà kò dára tó lójú tiwa, nítorí nínú eré ìje ẹnì kan ní láti borí, bẹ́ẹ̀ ni wàhálà tibí ni pé àwọn méjèèjì rò pé àwọn borí. Ohun tí ó fa ìjàǹbá ni pé wọ́n jọ ka iye kan náà kí ẹnikẹ́ni tó yí i padà. Nítorí náà a dábàá àkàpọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kà ní èdè wa ń ṣiṣẹ́ fún ìwé kíkà àti owó kíkà, méjèèjì ni ó sì wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: wọ́n jọ ka ìwé, wọ́n jọ ka ọjà. Àbájáde rẹ̀, ìyẹn títa ọjà kọjá iye tí ó wà, ni a pè ní àtàjù, ní ìrísí àjẹjù àti àmujù tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ní gbàǹjo Ọjọ́ Àpọ́n ti 2012, àwọn onímọ̀-ẹ̀rọ Alibaba fúnra wọn ti sọ ọ́ pé ètò wọn ta àwọn ọjà kan ju iye tí ó wà nílẹ̀ lọ.

Báwo ni a ti ń dí àkàpọ̀ lọ́nà? Ọ̀nà tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni kí á ti ìwé mọ́nú: akọ̀wé tí ó bá ń wò ó yóò ti ìlẹ̀kùn, kò sí ẹlòmíràn tí yóò wọlé títí yóò fi kọ iye tuntun. Èyí ni ìsénà. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ènìyàn 10,000 bá ń du ọjà kan náà, 9,999 ni yóò dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, òfin Little yóò sì mú wa. Ọ̀nà tí ó sàn jù ni kí á sọ wíwò àti kíkọ di ìṣe ẹyọ kan. A kò ní béèrè pé “mélòó ni ó kù?” kí á tó wá pàṣẹ pé “kọ èyí sílẹ̀”. Àṣẹ kan ṣoṣo ni a ó pa: “Bí ó bá ju òdo lọ, yọ ẹyọ kan, bí kò bá jù ú lọ, sọ pé ó ti tán.” Kọ̀ǹpútà yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè já lu ọ̀rọ̀ náà láàárín. Irú ìṣe yìí ni a ó pè ní ìṣe àìlèpín. Àwọn tí ó mọ orísun ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yóò fẹ́ kí á yá “átọ́mù” lò, nítorí pé èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ohun tí kò ṣeé gé ni ó sì túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ wa ti kọ́ ọ nínú kíláàsì físíìsì pé átọ́mù ṣeé pín, agbára ńlá sì ń ti inú pípín rẹ̀ jáde. Kí ni a fẹ́ kí ó gbà gbọ́?

Ìṣe àìlèpín náà ní ààlà tirẹ̀. Orí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo àṣẹ ń lọ, bí a bá sì ra kọ̀ǹpútà 1,000 sí i, nọ́ńbà náà kò kúrò lójú kan. Èyí ni ìdí tí a fi sọ níṣàájú pé iye kọ̀ǹpútà nìkan kò tó. Ohun tí a ń ṣe ni kí á pín ọjà náà sínú apẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 1,000, a lè fi 100 sínú apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá, kí kọ̀ǹpútà apínrù, ìyẹn èyí tí ń pín ẹrù iṣẹ́, máa darí oníbàárà sí apẹ̀rẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdíwọ́ yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá. Owó ohun tí a rà yìí ni pé apẹ̀rẹ̀ kan lè gbẹ nígbà tí òmíràn ṣì ní. A ó wí fún oníbàárà kan pé ọjà ti tán, nígbà tí kò tíì tán. Ẹni tí ń kọ́ irú ètò yìí gbọ́dọ̀ yan èyí tí ó lè fara dà. Ní tiwa, kí á sọ fún ẹnì kan pé ó tán kí á sì tún ké sí i padà sàn ju kí á gba owó rẹ̀ fún ohun tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa owó. Oníbàárà tí ó ti rí ọjà gbà kò tíì sanwó. Ó ń wá káàdì rẹ̀. A kò lè sọ pé ọjà ti di tirẹ̀, a kò sì lè tà á fún ẹlòmíràn. Nínú ọjà wa, a máa ń sọ pé, “Ẹ bá mi mú un sílẹ̀, mò ń bọ̀.” Ìmúsílẹ̀ ni a sọ ọ́, pẹ̀lú àfikún pé kọ̀ǹpútà máa ń dá àkókò fún un, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí àkókò bá pé láìsí owó, ọjà yóò padà sínú àká fúnra rẹ̀. Ètò tí kò bá dá àkókò yóò rí i pé ọjà rẹ̀ tán lórí ìwé, kò sì sí ẹni tí ó rà á.

7. Ìlà ní ẹnu ọ̀nà

Gbogbo ohun tí a ti sọ wọ̀nyí ń mú kí inú ilé gbà sí i. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí kò ní kún. Nítorí náà ni a ṣe ń fi gbọ̀ngàn ìdúró sí ẹnu ọ̀nà, tí a ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, tí a sì ń jẹ́ kí wọ́n wọlé ní òdiwọ̀n tí inú ilé lè gbà. Òdiwọ̀n ìwọlé ni ọ̀rọ̀ tí a yàn fún èyí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2022 kọ́ wa pé gbọ̀ngàn náà nìkan kò tó. Ilé-iṣẹ́ Ticketmaster fẹ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì eré Taylor Swift. Ènìyàn mílíọ̀nù 3.5 ni ó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì fi àmì ìwọlé ránṣẹ́ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 1.5 nínú wọn. Gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣàlàyé, ìbéèrè bílíọ̀nù 3.5 ni ó rọ́ lu ètò wọn, ìlọ́po mẹ́rin èyí tí ó pọ̀ jù lọ tí wọ́n ti rí rí. Àwọn tí kò ní àmì wá, àwọn róbọ́ọ̀tì náà wá. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà ju mílíọ̀nù méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ọjà tí ó yẹ kí ó ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 18 oṣù náà. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2023.

Bí a bá pín bílíọ̀nù 3.5 fún mílíọ̀nù 3.5, ìbéèrè 1,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó forúkọ sílẹ̀. Ènìyàn kì í tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà 1,000. Kí á rántí pé ojú-ìwé kan lè rán ìbéèrè mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àní bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà fi hàn pé iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀. Róbọ́ọ̀tì arajà ni a pe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan kọ láti máa ra ọjà dípò ènìyàn kí ó lè tún un tà lọ́wọ̀n-ín. Ìjà láàárín rẹ̀ àti ọlọ́jà kò tíì parí, a kò sì ní fi àyè yìí ṣe é.

Ti ìdánwò náà kò ní gùn. Láti 2013 ni Alibaba ti ń dán gbogbo ètò wọn wò láti òkè délẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé, pẹ̀lú oníbàárà àfiṣe lórí àwọn kọ̀ǹpútà gan-an tí wọ́n ń lò. A lè pè é ní ìdánwò àtòkèdélẹ̀. Wọ́n tún máa ń jọ̀wọ́ àwọn ohun tí kò pọn dandan ní wákàtí àkọ́kọ́, bí kíkọ èrò ẹni nípa ọjà, kí agbára lè kù fún títà.

8. Ọ̀rọ̀ tí ń hàn lójú fóònù

Ẹ̀yin ògbufọ̀ ni ìpín yìí wà fún jù lọ. Nígbà tí oníbàárà bá tẹ “san owó”, ohun mẹ́ta ni ó lè ṣẹlẹ̀. Ó lè yọrí sí rere. Ó lè kùnà, kí ètò náà sì mọ̀ pé ó kùnà. Tàbí kí ìdáhùn máà dé: ilé ìfowópamọ́ lè ti yọ owó, ó sì lè máà tíì yọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀kẹta yìí. Nínú àwọn ìtumọ̀ Yorùbá tí a ti rí, “kò ṣeé ṣe” ni wọ́n ń kọ fún ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta, wọ́n sì ń fi “ẹ tún gbìyànjú” tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá gba ìmọ̀ràn yẹn nínú ipò kẹta lè san owó ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa mọ bí ó ti ń dunni tó kí owó ti kúrò nílé ìfowópamọ́ kí ọjà má sì dé.

A dábàá “kò yọrí” fún ẹ̀kejì, àti “a kò tíì mọ àbọ̀” fún ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ àbọ̀ bá a mu, nítorí pé ìránṣẹ́ ti lọ, kò sì tíì padà jábọ̀. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ pé a kò tíì mọ àbọ̀ tí yóò sáré rán ìránṣẹ́ mìíràn.

Àwọn tí ń kọ́ ètò náà ní ọ̀nà tiwọn láti dáàbò bo oníbàárà, bí ó tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mẹwàá. Wọ́n máa ń fún ríra kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan kí oníbàárà tó tẹ ohunkóhun. Bí ìbéèrè bá dé pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ti yanjú rí, ìdáhùn àtijọ́ ni wọn yóò dá padà, wọn kò ní yọ owó tuntun. Ìṣe tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹwàá tí àbájáde rẹ̀ kò yàtọ̀ ni èyí. A ti rò ó pé kí á lo “àtúnṣe” láti dá ọ̀rọ̀ fún un, ṣùgbọ́n àtúnṣe ti di ti ohun tí ó bàjẹ́. “Àṣetúnṣe” kò ní ìṣòro yẹn, nítorí náà a ń lo àṣetúnṣe-má-yí. Ó gùn díẹ̀, a sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ èyí tí ó kúrú. Ẹni tí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí ó kúrú jù ú lọ, kí ó kọ́kọ́ dán an wò lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì: bí ó bá lè fi í sọ ìdí tí owó kò fi lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ náà kájú ìwọ̀n, àwa yóò sì gbà á lò.